Ìwé Ẹ̀hónú Tí Mo Fi Gẹ̀ẹ́sì Dídùn Kọ

Ẹ̀yin ọmọ tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá bá mi pé kí n fún yín ní àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń so gbólóhùn pọ̀, irú èyí tí yunifásítì ń fẹ́ nínú àròkọ. Mo ń fún yín. Ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fojú mi rí ni mi ò tíì sọ fún yín. Ó ti pẹ́. Nígbà náà, iná gáàsì ti ń jó lójú òkun wa tọ̀sán-tòru, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ìlàjẹ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lókè.

Mo wálé fún ọlidé ni mo bá epo lójú omi. Abúlé wa kò jìnnà sí Awoye. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹsẹ̀ wa. Páìpù kọ́ḿpìnì epo ti bẹ́, gbogbo wa la sì rí ibi tí ó ti bẹ́. Ẹja kú, wọ́n léfòó, àwọ̀n kò ṣeé nà mọ́. Ìyá Dèbórà, opó kan tí ó ń fi òwò edé gbígbẹ tọ́ ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wọn dí ojú omi tí kọ́ḿpìnì ń gbà kọjá. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a ti tẹ̀ lé wọn. A so ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀, àwọn obìnrin ń kọ orin ìjọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi jókòó sórí omi, nǹkan kan kò sì kọjá.

Lọ́jọ́ karùn-ún, aṣojú kọ́ḿpìnì dé. Ó ní kí a kúrò lọ́nà, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tó ń dùn wá sílẹ̀, pé àwọn yóò bá wa jókòó lé e lórí. Gbogbo ojú yí sí mi. Ìyá Dèbórà nìkan ló lọ́ra.

"Akọ̀wé, ọkọ̀ tí mo so síbí, ojú kọ́ḿpìnì ń rí i. Ìwé ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé ìwé tí èmi máa kọ yóò lágbára ju ọkọ̀ lọ. Ẹ gbọ́ ìgbéraga!

Inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti kọ ọ́. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tí mo mú ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Olùkọ́ kan ti kọ́ wa pé ọ̀mọ̀wé kì í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti là á mọ́lẹ̀ pé báyìí ni nǹkan rí, á fi bírò pupa fa ìlà sí i. Mo kọ́ bí a ti ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ, máàkì mi sì ń ga sí i.

Ìyá Dèbórà jókòó tì mí, wọ́n ń fìka gún tábìlì. "Kọ ọ́ pé àghan ni. Páìpù àghan ló bẹ́. Epo àghan ló pa ẹja wa." Àghan ni ẹnu wa ń pe àwọn, kò sì sẹ́ni tí kò mọ àwọn tí màmá ń wí.

"Màmá, Gẹ̀ẹ́sì kì í lọ bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe ń lọ?"

Mo ń rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ ọ́ pé àghan ni, "it appears that" ni mo kọ, ìyẹn ni pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo tún wá fi "however", ìyẹn "ṣùgbọ́n", so ìyìn díẹ̀ mọ́ ọn, pé kọ́ḿpìnì náà ń gbìyànjú, kí wọ́n má baà pè wá ní jàgídíjàgan. Nígbà tí mo kà á sókè, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì náà ń dún.

"Ṣé o sọ pé àghan ni?" Ìyá Dèbórà bi mí.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

Irọ́ ni mo pa. Màmá tẹ̀ka sísàlẹ̀ ìwé náà. Lọ́jọ́ kejì, a tú àwọn ọkọ̀ wa.

Níbi ìpàdé, lọ́ọ̀yà kọ́ḿpìnì kò bá wa jà rárá. Ó ka ìlà kan péré, ó sì ní kí ògbufọ̀ tí ó mú wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà. Ọmọ agbègbè wa ni ògbufọ̀ náà. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ìwé yín sọ pé... ó jọ bí ẹni pé epo dà sínú omi."

Ìyá Dèbórà dìde.

"Ó jọ? Ẹja tó kú síwájú mi, ó jọ pé ó kú ni? Ta ló kọ bẹ́ẹ̀?"

Ògbufọ̀ gbé èsì lọ́ọ̀yà dé. "Wọ́n ní ìwé yín ni, Màmá. Wọ́n ní ìka yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Lọ́ọ̀yà ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti dá àwa fúnra wa lójú, kọ́ḿpìnì yóò rán olùwádìí wá. Olùwádìí wá lóòótọ́. Wọ́n bu omi sínú ìgò, wọ́n lọ, a ò gbúròó wọn mọ́ títí dòní. A fẹ́ tún kó ọkọ̀ jọ, ṣùgbọ́n ó ti sú àwọn èèyàn. Ìyá Dèbórà kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Akọ̀wé, iṣẹ́ tí mo rán ọ kọ́ lo jẹ́." Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí a jèrè, mo lè sọ pé kọ́ḿpìnì pààrọ̀ páìpù náà, àti pé fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mọ̀ pé èèyàn ń gbé létí omi yẹn. Odò ni a pàdánù. Òwò edé wọlẹ̀, Ìyá Dèbórà sì kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Òkìtìpupa, níbi tí wọn kò ti gbóòórùn omi òkun mọ́. Títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì la ẹnu sọ fún wa pé àwọn ni àwọn ṣe é. Gbèsè ìjẹ́wọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀, èmi náà sì wà lára àwọn tó jẹ ẹ́. Ẹ máa lo "however" yín, ó wúlò níbi tí ó ti wúlò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fojú ara yín rí, ẹ má tìtorí máàkì sọ ọ́ di "ó jọ".

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá Dèbórà dúbúlẹ̀, mo lọ kí wọn. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́kàn, tòun ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Màmá kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

"Ẹja ti padà bí?"

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi mú èsì náà rọ̀, n kò rí.

"Rárá, Màmá. Wọn ò padà."

Wọ́n mi orí pé àwọn gbọ́, wọ́n sì kọjú sí ògiri.