Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Tí Kò Gbọdọ̀ Bọ́ Ọ̀rá

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun màmá mi, èmi ọmọ gidi gba Okota lọ, mo ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun fún wọn. Mo ní aṣọ fífọ̀ ti parí fún wọn nìyẹn. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí á gbé ẹ̀rọ náà sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn. Omi kò dé pálọ̀ rí nílé wa ní Ìsọlọ̀, àfi èyí tí a bá gbé fún àlejò mu.

Mo mú síṣọ́ọ̀sì kí n gé ọ̀rá tó wà lára rẹ̀. Màmá fò dìde. Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n kò dùn wọ́n mọ́.

“Má fọwọ́ kàn án! Bí ọ̀rá yẹn bá ti kúrò, ó ti di tòkunbọ̀ nìyẹn!”

Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn?

Ọdún kẹta rèé. Ẹ̀rọ náà kò tíì fọ ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọmọ ìkókó kò rí irú ìtọ́jú rẹ̀ gbà. Àràárọ̀ ni Màmá ń nù ún. Wọ́n tún rán aṣọ léèsì funfun bò ó, kí eruku má baà ba ọ̀rá jẹ́.

Bí mo bá lọ kí wọn ní Sátidé, bàsíà omi ọṣẹ á ti máa dúró dè mí lẹ́yìnkùlé. Aṣọ ẹ̀rọ ìfọṣọ ti dọ̀tí. Ọwọ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́.