Ọ̀bẹ Tí A Ṣe fún Ọwọ́ Tí Kì Í Gé Ìwé

Lásìkò tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, kò sí ògiri kan ní Ṣómólú tí ojú olóṣèlú ò sí lára rẹ̀. Àwa la tẹ̀ wọ́n, àwa náà la gé wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò ní ẹ̀rọ ìgéwèé ńlá, ọ̀bẹ ọwọ́ àti rúlà irin la fi ń gé pósítà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èèkù ọ̀bẹ ọ̀hún kò ju igi pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n kàn pọ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìléròrò yọ sí mi nídìí àtàǹpàkò, ó bẹ́, òmíràn tún yọ. Ṣíbí ni mo wá ń fi jẹ ẹ̀bà, ni àwọn ará ilé mi bá ń pè mí ní òyìnbó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá wẹ́dà kan tó ń jó irin ní àdúgbò Ladi-Lak, ará Ìjẹ̀bú tí mo máa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi ṣe ọ̀bẹ tó máa bá ọwọ́ mu, tí kò sì ní tètè kán."

"Ọwọ́ ta ni?"

"Ọwọ́ gbogbo àwa agéwèé."

"Kò sí ọwọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ kó ọwọ́ wọn wá kí n rí i."

Bó ṣe wí ni mo ṣe. Mo lọ bu amọ̀ létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ ti Bàrígà, mo bù ú ní ìṣù-ìṣù, mo sì ń gbé e kiri ṣọ́ọ̀bù kí ojú ìka kálukú lè hàn lára rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di èyí mú bí ẹ ṣe ń di ọ̀bẹ mú." Amọ̀ náà ń rùn bí ẹja. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé èló ni mò ń tà á.

Ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé ìtẹ̀wé wa, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Kò sẹ́ni tó mọ ìwé gé tó o ní gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ gé e, á ta aṣọ bo ẹnu ọ̀nà. A gbà pé àṣírí iṣẹ́ ló ń pamọ́. Ó wo amọ̀, ó wò mí.

"Ṣé àwọn olóṣèlú ló rán ẹ? Ṣé ẹ fẹ́ kó ọwọ́ wa lọ tẹ̀ka ìbò ni?"

"Màmá, bó bá jẹ́ ìbò ni, ẹ̀yin ni ǹ bá fi ṣe káńsẹ́lọ̀."

Ẹ̀rín pa á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fún amọ̀ náà, ó dá a padà fún mi.

Bọ̀ọ̀dá to gbogbo wọn sórí tábìlì. Gbogbo wa la tẹ ibì kan náà wọlé jinlẹ̀, nídìí àtàǹpàkò. Ti Màmá nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé rárá, àfi bí ẹni di ẹyin mú. Bọ̀ọ̀dá mi orí. "Ẹni tó mọṣẹ́ nìyí. Kì í fi agbára mú irin." Bí a ṣe fi ti Màmá ṣe àwòṣe nìyẹn. Sipíríǹgì ọkọ̀ àtijọ́ ló fi rọ ojú ọ̀bẹ náà, ó ki ìdí irin náà já inú igi dé ìpẹ̀kun kó má bàa yọ, ó gbẹ́ ojú ìka Màmá sára igi náà, ó sì fi rọ́bà táyà wé e. Mo gbé e fún Màmá tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó dá a padà. "Ẹ ṣeun o. Ọ̀bẹ yín máa dára fún iṣu."

Ó dùn mí dé egungun. Ni mo bá yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. Màmá ń gé ìwé, ọ̀bẹ ń lọ geere bí ọkọ̀ ojú omi. Ọwọ́ òsì ni!

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Rúlà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé á lé mi, ṣùgbọ́n ó kàn jókòó.

"Bí mo bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ, kí lo máa sọ nípa ẹni tó tọ́ mi? Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n fi òsì gé, oníbàárà wo ló máa gbà á?"

Ojú tì mí pé mo yọjú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi, ó gbé òun náà. Lọ́jọ́ yẹn ló fi òsì fún amọ̀ tuntun fún mi, ó sì jinlẹ̀ bíi ti gbogbo wa. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi tí mo ní ó mọṣẹ́!"

"Ó kúkú mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Ọ̀bẹ kejì kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bọ̀ọ̀dá mú kí èèkù náà yọ ikùn díẹ̀ láàárín, ó sì rí bákan náà ní ìhà méjèèjì. Màmá la tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àwa ọlọ́wọ́ ọ̀tún la jàǹfààní rẹ̀ jù: bí ọ̀tún bá rẹ̀ wá, à ń gbé e sí òsì. Kò pẹ́ tí àwọn agéwèé fi ń ti Bàrígà àti Ọbanikórò wá bá Bọ̀ọ̀dá fún un.

Èmi fúnra mi kánjú jù. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ fi òsì gé ìwé, odindi ìdì pósítà olóṣèlú kan ni mo gé fìlà kúrò lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ fi ìbínú dé. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú, ó kàn wù wá kí ará ìlú mọ orí ẹni tí wọ́n fẹ́ dìbò fún ni. Ọ̀gá mi ní kí n dákẹ́. Màmá ló sáré kọjá títì wá bá mi bẹ̀ wọ́n, ó sì bá mi gé òmíràn tí a tún tẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.