Ẹsẹ Tí Wọ́n Fò ní Ọjọ́rú

Ìwé kíkà ọjọ́ Ajé yẹn dá lórí Èlíjà àti àwọn kànnàkánná tí Ọlọ́run ń rán láti gbé oúnjẹ lọ fún un nígbà ọ̀dá. Daddy mi ni wọ́n kà á ní Míísà àárọ̀, torí katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ketu. Bí a ṣe ń rìn padà bọ̀ wálé, mo ń rò ó lọ́kàn ara mi: báwo ni ẹyẹ ṣe máa gbé ẹran sẹ́nu tí kò ní jẹ ẹ́? Mo fẹ́ bi Daddy nígbà tí a rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà Mile 12. Obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sọnù kígbe mọ́ wa pé, “Ẹ yára wọlé o! Wọ́n ti ń pa ara wọn lọ́jà!”

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Ìjà ni rédíò pè é. Àwa tí a wà nínú rẹ̀, ogun la pè é. Àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa tí wọ́n ti jọ ń tajà látọjọ́ pípẹ́ ló kọjú síra wọn. Ẹnu ò tíì kò lórí ohun tó dá a sílẹ̀ títí dòní. Ilé tó jóná kò yọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀, òkú náà kò sì yọ ẹ̀yà kankan sílẹ̀.

Ìkòsì là ń gbé. Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ni Màlámù Sání ń gbé, ọkùnrin ará Kánò kan tó ń ta àlùbọ́sà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ wá, ẹ̀jẹ̀ ń kán létí rẹ̀. Mummy ò bi í ní nǹkan kan. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un lẹ́yìn kọ́tìnì pálọ̀.

“Ẹ jókòó síbí, Màlámù. Ẹ má ṣe sún mọ́ fèrèsé.”

Láti ìgbà náà, ìró ìbọn là ń gbọ́, àti páànù tó ń ta nínú iná bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Iná ẹlẹ́tíríìkì ò sí. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ń lọ sílẹ̀.

A ò lè lọ sí Míísà mọ́, nítorí náà Daddy ń ka ìwé kíkà ojoojúmọ́ fún wa ní pálọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ti opó tí ìyẹ̀fun inú ìkòkò rẹ̀ kò tán ló bọ́ sí. Mo yíjú wo ike gààrí wa.

“Má wò ó,” ni Mummy wí. “Tiwa máa tán.”

Màlámù rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, “Baba, ta ní ń yan èyí tí ẹ máa kà lójúmọ́?”

“Wọ́n ti tò ó sílẹ̀ láti Róòmù,” ni Daddy dáhùn. “Ohun kan náà ni gbogbo Kátólíìkì ń kà lónìí, káàkiri ayé.”

“Wọn ò mọ̀ pé ìjà wà níbí?”

“Wọn ò mọ̀.”

 Èmi ò lè gbé ìdáhùn yẹn kúrò lọ́kàn. Ẹnì kan wà níbì kan tó to ìwé kíkà yìí kí wọ́n tó bí mi, kò sì mọ̀ pé gààrí wa ń tán lọ.

Lọ́jọ́rú, ebi ti mú wa dáadáa. Daddy ka ti òkè Kámẹ́lì, níbi tí Èlíjà ti pe àwọn wòlíì Báálì níjà, tí iná sì bọ́ láti ọ̀run jó ẹbọ rẹ̀. Wọ́n parí kíkà, wọ́n pa ìwé dé.

“Àwọn wòlíì Báálì ńkọ́?” ni Màlámù béèrè. “Kí ni wọ́n fi wọ́n ṣe?”

“Ibi tí kíkà tòní parí sí nìyẹn.”

Mo dìde, mo gbé Bíbélì ńlá tó wà lórí tẹlifísọ̀n. Mo rí i. Ẹsẹ kan péré ni, òun gan-an ló tẹ̀ lé ibi tí Daddy dúró sí. Mo ṣí ìwé kíkà wò: kò sí nínú ti Ọjọ́rú, kò sì sí nínú ti Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fò ó ni.

“Kà á,” ni Màlámù wí. Mo wo ojú Daddy. Wọ́n mi orí pé kí n kà á.

Mo kà á. Èlíjà ní kí wọ́n mú àwọn wòlíì náà, kí ẹnì kankan má ṣe bọ́ lọ. Wọ́n kó wọn lọ sétí odò, wọ́n sì pa wọ́n níbẹ̀.

 Bí mo ṣe kà á tán la gbọ́ tí wọ́n ń gbá géètì.

“Baba Katikíìsì! Ẹ ṣílẹ̀kùn!”

Mummy di aṣọ Daddy mú. “Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́.” Daddy rọra tú ọwọ́ Mummy, wọ́n sì jáde. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ni, àdá wà lọ́wọ́ wọn.

“Wọ́n ní aboki kan wà nínú ilé yín.”

“Àlejò mi ló wà nínú ilé mi.”

“Ẹ mú un jáde, Baba, ká má bàa bá yín jà.”

“Mi ò ní mú un jáde. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, èmi lẹ máa kọ́kọ́ pa.”

Daddy mi ò ga, wọn ò sì lágbára. Síbẹ̀, wọn ò kúrò lójú géètì. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà, tí Daddy fúnra wọn múra sílẹ̀ fún ìrìbọmi, wo ilẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká lọ,” ló wí. “Baba yìí ò ní gbà.”

Àwọn ọ̀dọ́ náà kúrò ní géètì, àmọ́ wọ́n fo ògiri ẹ̀yìn, wọ́n sì dáná sun yàrá Màlámù pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà tó kó síbẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà sísun gba gbogbo ilé. Ebi ń pa mí débi pé itọ́ kún mi lẹ́nu. Ojú tì mí. Mo wo Màlámù, mo sì rí i pé òun náà ń gbé itọ́ mì.

Àwọn sójà dé lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ń kó àwọn tó ti sá pamọ́ sínú lọ́rì. Kí Màlámù tó gòkè, ó yíjú sí Daddy.

“Lọ́la, kí lẹ máa kà?”

“Èlíjà nínú ihò àpáta. Ẹ̀rù bà á, ó ti sá lọ.”

“Èlíjà kan náà?”

“Òun kan náà ni.”

Màlámù mi orí, ó gun lọ́rì. A ò rí i mọ́. Ẹnì kan sọ fún wa pé ó dé Kánò láàyè, àmọ́ ẹni yẹn náà gbọ́ ọ ni, kò fojú rí i.

Ọdún méjì-méjì ni kíkà yẹn ń padà wá, wọ́n sì ń fo ẹsẹ yẹn nígbà gbogbo. Mo bi Fadá kan ìdí rẹ̀. Ó ní kí kíkà má bàa gùn ni. Fadá mìíràn ní bóyá kó má bàa dẹ́rù ba èèyàn. Daddy ní àwọn ò mọ̀. Àmọ́ títí wọ́n fi kú, wọ́n máa ń ka ẹsẹ yẹn kún un nínú ilé, wọn kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ogun yẹn, ẹ máa ń bi mí ohun tí mo rántí jù. Míísà ọjọ́ Ẹtì yẹn ni. A ò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ariwo ọjà, kò sí fèrè ọkọ̀. Wọ́n kà á pé ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Ọlọ́run kò sì sí nínú ìkankan nínú wọn, àfi nínú ohùn kékeré kan tó wá lẹ́yìn. Fadá dìde láti wàásù. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó padà jókòó. Gbogbo wa jókòó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bí ohùn yẹn ṣe ń dún, mo sì tẹ́tí sílẹ̀ gan-an. Ohun tí mo gbọ́ ni ìgbálẹ̀ obìnrin kan lójú títì, tó ń gbá ìgò tó fọ́ jọ.