“Very” Tí Mo Yọ Nínú Lẹ́tà Baba Álíù

“Ràmọ́tù, kí ni mo jí?”

Báyìí ni Baba Álíù ṣe wọ ọ́fíìsì mi láìkí mi. Ó tẹ́ lẹ́tà tí mo tẹ̀ fún un sórí tábìlì. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ pákó wa ní Tafo, nílùú Kumasi, inú àgbàlá kan náà la sì jọ ń gbé ní Moshie Zongo. Nígbà tí ilé iṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n yọ òun náà. Ó ti rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìtajà kan ní Dichemso. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ìwà láti ọ̀dọ̀ wa nìkan ló kù.

Mánéjà á fọwọ́ kọ lẹ́tà, èmi á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, òun á buwọ́ lù ú láìkà á. Mista Ofori, olórí akọ̀wé, ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá “very”, pé “òótọ́” ló túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀, kó tó di ohun tí à ń fi sọ pé nǹkan pọ̀ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Olóòótọ́ ti jẹ́ olóòótọ́. Bí o bá fi ‘very’ kún un, o ń búra láìsí ẹni tó bi ọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yọ “very” kúrò nínú lẹ́tà, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Mánéjà kọ ọ́ síwájú “honest” àti “hardworking” fún Baba Álíù. Mo yọ méjèèjì. Mo rò pé iyì ni mo fi fún un.

“Onílé ìtajà ní gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú òun ló ní ‘very’, àfi tèmi,” Baba wí. “Ó ní mánéjà mọ ohun tó ń fi pamọ́.”

Mo wo Mista Ofori nídìí tábìlì tirẹ̀. Ó gbá orí mú.

“Aa, Ràmọ́tù! Ìtàn ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún ọ, n kò ní kí o fi ṣiṣẹ́. Ní Kumasi yìí, mánéjà tó bá fura sí èèyàn kì í kọ ‘olè’. ‘Very’ ló máa ń yọ.”

“Baba,” mo ní, “ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe mánéjà. Èmi ni mo yọ ọ́.”

“Ìwọ? Ìwọ tó mọ̀ mí?” Ó ká lẹ́tà náà. “Wàláhì, ì bá sàn kó jẹ́ mánéjà.”

Mo tẹ òmíràn, mánéjà buwọ́ lù ú, mo wọ tírótìró, ọkọ̀ akérò, gbé e lọ sí Dichemso fúnra mi. Onílé ìtajà kò tilẹ̀ ṣí i.

“Àǹtí, lẹ́tà méjì fún ẹnì kan? Ẹ wá túbọ̀ dẹ́rù bà mí. Mo ti gba ẹlòmíràn.”

Baba Álíù bẹ̀rẹ̀ sí í ta obì níwájú mọ́ṣáláṣí. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń bu kóókò, ògì gbígbóná, fún mi láràárọ̀, kò bu ún mọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ká dírẹ́bà kan mọ́ ibi tó ti ń ta epo dísù ilé iṣẹ́. Mánéjà kò fẹ́ wàhálà. Ó ní kó máa lọ, ó sì kọ “very honest” fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ríṣẹ́. Èmi ni mo tẹ lẹ́tà náà. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mánéjà ṣe kọ ọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.