Wọ́n Ní Kó Pa Fóònù

Lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Agbowó ni pé kí n máa gbọ́ ohùn ẹni ẹlẹ́ni, kí n sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí ló ń gbé e wá. Ó ti sú mi.

Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé lọ fi ọ̀rọ̀ wá ìyá kan lẹ́nu wò nílé wọn ní Akóbọ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún ohùn tó gbé wá, mo gbọ́ tí ìyá náà ní, "Ọmọ mi, pa fóònù yẹn ná."

"Mo ti pa á, mà."

Kò pa á. Mo gbọ́ bó ṣe kàn dojú rẹ̀ dé orí tábìlì. Ìyá wá gbàdúrà fún un pé kò ní rí àbùkù, pé yóò parí ìwé rẹ̀ láyọ̀. Ọmọbìnrin náà ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹta lórí irọ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá sọ ohun tí wọn kò sọ fún ọkọ wọn rí. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ibi "pa fóònù" ni mo tẹ̀ ẹ́ dé.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ibi tó dùn jù lẹ fò yẹn o!"

"Wọ́n ní kó o pa á."

"Ṣebí n ò ní kọ orúkọ wọn."

"Ṣé orúkọ ni wọ́n ní kó o pa ni? Ìwé ìyọ̀ǹda tí wọ́n fọwọ́ sí ńkọ́? Ó ní wọ́n lè dáwọ́ dúró nígbàkugbà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà kúkú ti gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo ní kó padà lọ jẹ́wọ́, kó tọrọ àyè; bí ìyá bá gbà, màá tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

"Bí wọ́n bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà èsì ni."

"Ọ̀la ni ọ̀gá mi fẹ́ rí i. Àǹtí, ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni mo wá o."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí obìnrin kan náà ti ń tẹ̀wé. Pákó lásán ló là wá láàárín. Kò pẹ́ tí mo fi ń gbọ́ ohùn ìyá náà ní gbangba. Àwọn tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì níbẹ̀ ti tẹ́tí sí i.

"Yéè! Ọkọ wọn ò mọ̀?" Ọ̀kan nínú wọn ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Mo dìde láti lọ bá wọn jà. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò jà mọ́. Mo kàn na íápíìsì mi sí obìnrin tó ń tẹ̀wé náà: "Ẹ fi èyí sétí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó dúpẹ́. Ọmọbìnrin náà pàápàá dúpẹ́. Mo padà jókòó. N kò gbọ́ ohùn ìyá náà mọ́, ìró kọ̀ǹpútà tí obìnrin yẹn fi ń tẹ̀ ẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́.