Uyán Kan, Abọ́ Kan: Fún Ọkọ Mi Tó Parí Ìjà Àwọn Oníjàkadì

Háà! Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ ti lọ náà nìyẹn? Ó mà wá dìgbà o, ó di gbére! Àga yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ó kọjú sí òkè Olósùnta bí ẹ ṣe máa ń gbé e. Kò tíì sẹ́ni tó láyà láti jókòó sí i.

Ọkọ mi àtàtà, ẹni iyì tí gbogbo ọmọ iléèwé ń pè ní Tíṣà Eré, nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo rò pé ìsinmi dé. Ìsinmi wo! Wọ́n ní kí ẹ wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ní àjọ àpapọ̀ eré ìdárayá ilẹ̀ wa. Àbújá lónìí, Èkó lọ́la. Mo bi yín pé kí ni àjọ náà tiẹ̀ ń ṣe gan-an, tí kò gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì sáré. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ eré kọ̀ọ̀kan ló ní yàrá tiẹ̀. Àwa là ń ṣọ́ ulé. Bí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ lọ figagbága nílẹ̀ òkèèrè, ẹnu ọ̀nà wa ló máa gbà jáde."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi àfi ọdún tí ẹgbẹ́ oníjàkadì pín sí méjì. Ààrẹ di méjì, kálukú mú àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ wá. Àjọ yín ní bí wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, oníjàkadì kankan kò ní wọ bàálù. Bọ́sẹ̀ wa sì wà nínú àwọn tí ọ̀kan nínú wọn mú. Ọmọ náà ti ń di ẹrù!

Ẹ pe ààrẹ méjèèjì wá sílé, ẹ ní kí n gún iyán. Mo bù ú sí abọ́ méjì, torí mo mọ̀ pé wọn kì í kí ara wọn. Ẹ dá a padà sílé ìdáná. "Uyán kan, abọ́ kan. Ẹni tí kò bá lè bá ẹnìkejì ẹ̀ jẹun, kó máa lọ." Wọ́n wo ara wọn títí. Ebi ló ṣẹ́gun ọ̀kan, èkejì náà bá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí wọ́n tó fọwọ́, wọ́n ti gbà pé kí gbogbo àwọn ọmọ náà jọ jìjàkadì, kí ẹni tó bá dá ẹnìkejì máa lọ.

Àdùkẹ́, ọmọ Ògòtún láti ìhà kejì, ló gbé Bọ́sẹ̀ ṣánlẹ̀. Inú bí mi! Mo ní ṣebí ẹnu yín tólẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ gbólóhùn kan péré fún ọmọ yín. Ẹ ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún jẹun nínú abọ́ mi?" Nígbà tó yá ni mo bá yín lórí àga ẹ̀yìnkùlé yẹn, tí ẹ ń fi etí bùbá nu ojú. Ẹ fẹ́ kí Bọ́sẹ̀ lọ jù mí lọ. Bàtà Bọ́sẹ̀ ni Àdùkẹ́ wọ̀ lọ síbi ìdíje náà, Bọ́sẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ fún un.

Olówó orí mi, ẹ ò tíì wọlẹ̀ tí ìjà fi tún dé. Àwọn ará ìhà kan nínú ẹgbẹ́ oníjàkadì ní àwọn ni yóò gbé pósí yín, àwọn ìhà kejì ní irọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Mo ti dá wọn lóhùn: Bọ́sẹ̀ àti Àdùkẹ́ ni yóò dì í mú níwájú, kí àwọn yòókù tò sẹ́yìn wọn. Bí a bá ti ibojì dé, abọ́ iyán kan ṣoṣo ni wọn yóò bá lórí tábìlì. Èmi fúnra mi ni mo máa gún un.

Ẹ sùn re o, Tíṣà Eré. A ó máa bá yín ṣọ́ ulé.