Ọ̀mì Tí Mo Fi Ìkúnlẹ̀ Gbà

Lọ́sàn-án àná, ọmọ àbúrò mi gbá orí aago ṣẹ́ẹ̀sì ní pálọ̀ wa ní Kado, kó! Inú sì bí mi bíi pé àná náà ni wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n rẹ́ mi jẹ náà. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Utako la ti ń díje, níbi tí fáànù mẹ́ta ti ń yí lókè láìfẹ́ sí ẹnikẹ́ni lára. Bọ̀dá Sàlíù, ará Ìlọrin tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà, ni wọ́n fi kàn mí ní eré àṣekẹ́yìn. Rétíǹgì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára òṣèré, tirẹ̀ lé ní ẹgbàá. Tèmi kò tó ẹgbẹ̀fà. Máàkì rẹ̀ fi díẹ̀ ju tèmi lọ, nítorí náà bí a bá ta ọ̀mì, òun ló ni ife. Èmi, àfi kí n borí.

"Ìyá kékeré, má sunkún o," ló fi kí mi. Ó ń kọrin sí imú. Nígbà tó di wákàtí kẹta, orin ti tán. Ọmọ ogun mi kan ku ìgbésẹ̀ kan kó dé ìpẹ̀kun pátákó, kó di ayaba tó lágbára jù, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró. Ìgbà yẹn ni Bọ̀dá Sàlíù rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ kọjá pátákó.

"Àbúrò mi, o gbìyànjú. Ó tó báyìí."

Kí ni ọmọ Kàbà tí ìyá rẹ̀ kọ́ ń ṣe bí àgbà bá na ọwọ́? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, sà." Nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ẹni tó bá gba ọwọ́ ti gbà kí eré parí ní ọ̀mì. Rẹfirí kọ ọ̀mì sílẹ̀.

Òfin ní kí òṣèré ṣe ìgbésẹ̀ tirẹ̀, kó béèrè ọ̀mì, kó tó wá gbá aago kí ti alátakò lè máa lọ. Aago tèmi ló ń lọ; èmi ló kàn. Bọ̀dá Sàlíù kò tilẹ̀ dárúkọ ọ̀mì. Rẹfirí, tó ń jẹ àkàrà, kò bi mí léèrè ohunkóhun. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ń kí mi kú oríire: "Kai! Ọmọ yìí bá ọ̀gá ta ọ̀mì!"

Mo kọ ìwé ẹ̀hónú, ojú ewé méjì gbáko. Bàbá mi kà á tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé kí n wá lọ bá wọn jà pé ọmọ mi mọ àgbà á kí?" Kò fọwọ́ sí i.

Gbọ̀ngàn yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ìwòyí, orí àga ni wọ́n ti ń juwọ́ sí àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń kọ́ ní ṣẹ́ẹ̀sì lọ́jọ́ Sátidé ń kúnlẹ̀ kí alátakò wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ń kúnlẹ̀ bó bá parí. Láàárín méjèèjì, ìdí wọn kò gbọdọ̀ kúrò lórí àga.